Ẹ Má Ṣí I

Kì í ṣe mọ́tò tó ń kó èrò re Ọ̀fà ni mo ń wí.
Mọ́tò kékeré ni, kò ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ,
ó wọ àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi Sáúdátù wẹ́kú,
wáyà pupa kan, wáyà dúdú kan.

Mẹ́rin ni wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́
fún ẹ̀rọ tí wọn yóò gbé lọ figagbága
ní Sátidé, ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Pósítọ́fíìsì.
Ìwé òfin bá a wá, ojú ewé mọ́kànlá.
Ọmọ kà á sí mi létí ní ṣọ́ọ̀bù, ní Táíwò Ìsàlẹ̀,
èmi ń fi eyín bó wáyà:

Ẹ lè gé okùn rẹ̀ kúrú.
Ẹ lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sí i lára.
Ṣùgbọ́n inú rẹ̀, ẹ má ṣí i.
Ẹ má tún kọ́ìlì rẹ̀ wé. Ẹ má lọ irin rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wáyà mì.
Ẹ má lọ irin! Ní Ìlọrin!
Ìlú tó jẹ́ pé òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin
ló bí orúkọ rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣí ohun tí wọ́n ní ká má ṣí:
fáànù, ẹ̀rọ ìlọta, pọ́ńpù omi mọ́ṣáláṣí Pàkátà,
jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ bí arúgbó amusìgá.
Mo ní, ẹ fún mi ní alẹ́ kan péré,
n ó dín ìyí rẹ̀ kù, n ó fi wáyà tó nípọn wé e,
yóò sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ọmọ wo ọwọ́ mi.
Ó ní, "Bàbá, àwọn ará Ọ̀fà ò ní bàbá tó ń wé kọ́ìlì."

Mo dákẹ́.

Lóru, wọ́n mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì.
Nọ́ọ̀tì méjì ni mo tú.
Mi ò gé nǹkan kan, mi ò fi nǹkan kan kún un.
Mo kàn wò ó, bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun.
Mo dé e padà.

Ìbíyẹmí, ọmọ Òmù-Àrán tó ń yẹ ẹ̀rọ wò,
gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé òṣùwọ̀n: wọ́n dọ́gba.
Ó wá fi ìka kan nọ́ọ̀tì ìkẹta.
Ibi tí irin ti ha irin ń dán.
"Ta ló ṣí èyí?"
Àwọn ọmọ ń wo ara wọn.
Èmi ni Sáúdátù ń wò.
Mo dìde láàárín àwọn òbí, fìlà lọ́wọ́.

Wọ́n yọ ọ́. Mẹ́ta ló kù.
Ẹ̀rọ wọn ń tiro bí ewúrẹ́ tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀,
bí wọ́n bá ní kó lọ tààrà, á yà sósì.
Ipò keje nínú mẹ́sàn-án.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ọmọ ò sọ̀rọ̀
títí a fi kọjá Ìta-Amọ́dù.
Mọ́tò tí wọ́n yọ wà nínú àpò yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀.
"Bàbá."
"Hẹn."
"Ìyí mélòó ni kọ́ìlì rẹ̀?"
Mo ní mi ò kà á.

Irọ́ ni. Méjìlélọ́gọ́rin.