Owó Títú

Lẹ́tà kan, igba náírà ni mò ń gbà
tí mo bá rán orúkọ sẹ́yìn jẹ́sì.
Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Tàkíè,
ẹ̀rọ mi dojú kọ títì.
Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, máníjà fúnra rẹ̀ ló wá:
"Ìyá Dùnńsìn, òwú tó dán ni kí ẹ fi rán an o,
ọmọ Kẹ́ńyà ni, bàálù ló gbé e wá."
W, E, K, E, S, A.
Òwú aláwọ̀ wúrà ni mo lò, ìlọ́po méjì,
bí ẹni pé orúkọ náà ò ní kúrò níbẹ̀ láéláé.

Ẹ ò rí i lọ́jọ́ tó dé!
Alága káńsù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́,
wọ́n ya fọ́tò lábẹ́ igi àjàgbọn iwájú ààfin,
wọ́n gbà á sílé onítáìlì ní Àrówómọlẹ̀,
ẹyin mẹ́ta láràárọ̀, kaṣú sísun nínú ìgò.
Àlejò tó bí òkété là ń fún lékùrọ́;
èyí bí ọmọ ọba,
wọn ò tilẹ̀ bi í bóyá ó ń jẹ ata.

Pápá wa, ẹ mọ̀ ọ́n: yangí ni.
Bọ́ọ̀lù họ́kì a máa ta lórí rẹ̀ bíi tata.
Níbi tó ti wá, koríko oníke ni wọ́n ń lò,
wọ́n á bomi rin ín kí eré tó bẹ̀rẹ̀.
Omi? Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́?
Níbi tí a ti ń to kẹ́ẹ̀gì sídìí ẹ̀rọ láti ìdájí?
Ó na ọ̀pá, bọ́ọ̀lù fo ọ̀pá.
Ìlọrin nà wá. Kàdúná nà wá.
Lọ́jọ́ tí a pàdé Jọ́ọ̀sì, ó ku òun àti gólì nìkan,
ó gbá a, irin ló bà.
Àwọn tó ń pariwo "Wékésà! Wékésà!"
ti yí i sí "Wá-kí-n-sá".
Èmi náà rẹ́rìn-ín. N ò ní purọ́.

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ó ti tán.
Ẹyin di méjì, ó di ẹyọ kan, ó di búrẹ́dì lásán.
Aago márùn-ún ni bọ́ọ̀sì gbéra lọ sí Bàúṣì,
aago mẹ́fà ni wọ́n sọ fún un.
Tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò fi padà ń bọ̀ lọ́la.
Ọ̀la náà ń bọ̀ lọ́la.
Ojú àlejò la fi ń jẹ gbèsè,
ẹ̀yìn rẹ̀ la fi ń san án, báwọn àgbà ṣe wí;
àwọn tiwa jẹ ẹ́ lójú rẹ̀,
òun náà ni wọ́n jẹ ẹ́ sí.

Máníjà ò wá fúnra rẹ̀ mọ́.
Ó rán ọmọ kan, jẹ́sì wà nínú ọ̀rá dúdú:
"Wọ́n ní kí ẹ tú u, kí ẹ kọ Ampofo sí i."
Ará Gánà. Lẹ́tà mẹ́fà náà ni.
Mo ní, owó títú ńkọ́?
"Ìyá, ta ní ń sanwó títú?"

Mo ti fi bíléèdì yọ W, mo ti yọ ọ́ dé S,
nígbà tí òjìji kan bo ẹ̀rọ mi.
Òun ni. Báàgì ló gbé wá, síìpù rẹ̀ ti bàjẹ́.
Ó wo jẹ́sì. Ó wò mí.
Gbogbo Yorùbá tó mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ:
"Ẹ kú iṣẹ́."
Ó nawọ́, ó gba bíléèdì,
ó jókòó sórí àpótí, ó fúnra rẹ̀ tú A,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láì fa aṣọ ya.
N ò gbowó síìpù.

Àbúrò mi Adérògbà ń gbá họ́kì ní Pólàńdì.
Láti oṣù Ẹ̀bìbì, kò pè.
Mo máa ń ro obìnrin kan lọ́hùn-ún,
nídìí ẹ̀rọ, bíléèdì lọ́wọ́,
tí kò lè pe orúkọ tó ń tú.

Lánàá ni wọ́n gbé jẹ́sì náà wá, apá rẹ̀ ya.
Ampofo ti gbá gólù méjì, wọ́n ń fún un lẹ́yin.
Mo nà án sí oòrùn kí n tó lẹ̀ ẹ́:
ihò abẹ́rẹ́ kì í dí bọ̀rọ̀.
Mo rí K. Mo rí E.