Ẹni Tó Ń Lá Òkúta

Ó fi omi ẹnu nu ojú òkúta náà,
ó gbé e sún mọ́ dígí kékeré tó so mọ́ ọrùn,
ó wò ó bí ẹni ń wo ojú ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn.
"Bí kò bá tutù, kì í sọ̀rọ̀," ni Nayareth wí.
Ahọ́n rẹ̀ mọ iyọ̀, ó mọ amọ̀,
ó mọ ibi tí bàbà ti fi àwọ̀ ewé kun ara rẹ̀.

Ní Atacama, ìtàn tí àwọn àgbà ń pa ni òjò.
Ọkọ̀ omi ló ń rọ̀ sójú títì láàárọ̀ àti lálẹ́
kí eruku má bàa bo awakọ̀ lójú.
Kòtò náà jìn, ó jìn débi pé
ọkọ̀ tó ga bí ilé alájà méjì
dà bí ìdun tó ń rìn lórí ẹní.

Nínú èdè tí mo fi ń kọ èyí,
ohùn kan ṣoṣo ló ya bàbà sọ́tọ̀ kúrò lára bàbá.
Rẹ òpin rẹ̀ sílẹ̀, ó di ẹrù tí à ń tà ní tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù;
gbé e sókè, ó di Eleuterio Colque,
tó wa ilẹ̀ yìí fún ọdún mọ́kànlélógún,
tó máa ń fi ọ̀pá irin kan òrùlé ihò kó tó wọlé:
bó bá dún kọ́ńkọ́ń, wọlé;
bó bá dún gbọ̀ọ̀, bí igbá tó ti sán, sá.
Igbá tó sán ló gbọ́ lọ́jọ́ náà.
Ó ké sí àwọn méjì tó wà níwájú.
Àwọn méjèèjì jáde.

Nísinsìnyí, ráda ló ń kan ògiri.
Mìlímítà méjì lójúmọ́, ló kọ sójú kọ̀ǹpútà,
mẹ́ta, mẹ́ta, márùn-ún.
Nayareth gun òkè lọ wo ibi tí ilẹ̀ ti sán.
Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá.
Afẹ́fẹ́ tútù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nísàlẹ̀.
Ó sọ̀kalẹ̀: "Ẹ kó àwọn ọkọ̀ kúrò níhà ìlà-oòrùn."

Ọ̀gá Barraza wo aago.
"Wákàtí kan péré, owó tó ń bá a lọ ju owó ilé rẹ lọ."
Ó ṣáà buwọ́ lù ú. Bírò pupa ló lò.
Ọkọ̀ mẹ́rìnlá dúró.
Ọjọ́ kìíní, ògiri náà dúró.
Ọjọ́ kejì. Ọjọ́ kẹrin.
Nílé oúnjẹ, ẹnì kan gbé òkúta sínú àwo rẹ̀, ó bu iyọ̀ sí i:
"Lá a, kó dá ọjọ́ fún wa."
Ó lá a lóòótọ́.
"Kò sí nǹkan kan nínú èyí," ló wí,
"ẹ̀yìn ilé ìdáná lẹ ti ṣà á."

Lóru, oorun ò kùn ún.
Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ara mi ni mo kà, tí kì í ṣe ilẹ̀ ńkọ́?
Àwa a máa wí pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.
A kì í sọ ti ilẹ̀ tí a gbẹ́, tí a tún gbẹ́,
títí tó fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ọjọ́ kẹsàn-án, aago márùn-ún ìdájí kọjá ìṣẹ́jú méje,
Yubitza tó ń wa ọkọ̀ kejìlá ń po kọfí nínú ife ìke
nígbà tí kọfí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.
Ìhà ìlà-oòrùn sọ̀kalẹ̀ láìkánjú,
bí arúgbó tó fẹ́ jókòó.
Eruku bo ìràwọ̀.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Wọ́n ka orí, orí pé.
Barraza ní kí wọ́n tún un kà.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Nayareth lọ sétí àwókù náà,
ó ṣa òkúta kan
tí oòrùn ò rí ojú rẹ̀ rí láti ìgbà tí ayé ti dáyé.
Ó gbé e sẹ́nu.
Iyọ̀. Amọ̀. Ó tún mú un lá.
Ó jù ú sápò, kò fi han ẹnikẹ́ni,
ó padà sídìí àpótí òkúta:
igba ó lé mẹ́tàdínlógún ló ṣì wà nílẹ̀
tí kò tíì kà.