Àkùkọ Omi

Ní ilé wa ní Quedlinburg, a kì í pe ẹ̀rọ omi ní ẹ̀rọ.
Wasserhahn là ń pè é:
Wasser ni omi, Hahn ni àkùkọ.
Ó dúró lórí síńkì bàbá àgbà mi,
ọrùn rẹ̀ tẹ̀, imú rẹ̀ ń kán tó... tó... dójúmọ́.

Mo wà lọ́mọ ọdún méje nígbà tí mo bi í:
"Bàbá Eckehard, ta ló tu ìyẹ́ rẹ̀?"
Kò rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ páìpù ni,
kì í fi orúkọ irinṣẹ́ ṣeré.
Ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, èyí tó máa ń há,
ó yọ ẹnu àgbá ọtí kan jáde,
idẹ ni, ti bàbá bàbá rẹ̀, ó ti pàwọ̀dà.
"Wo ibi tí wọ́n ń dì mú láti yí i."
Mo wò ó. Ogbe àkùkọ ni, eléyín mẹ́ta,
ìrù kékeré sì yọ lẹ́yìn.
"Ojú ló rí i kí ẹnu tó sọ ọ́.
Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ló fún un lórúkọ,
kò sì kọ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀."

Ìyá àgbà Walburga ní irọ́ ni.
Ó ní nítorí ariwo ni,
pé ọtí àkọ́yọ máa ń ké lẹ́nu àgbá.
Wọ́n jiyàn títí ọ̀dùnkún fi jóná lórí iná.

Ní oṣù Kejì ọdún yẹn, yìnyín mú páìpù.
Mo yí ẹ̀rọ, mo tún un yí.
Àkùkọ kọ̀, kò kọ.
Bàbá àgbà kúnlẹ̀ ní yàrá abẹ́ ilẹ̀
pẹ̀lú àtùpà àti àkísà gbígbóná,
ó ń pa páìpù lára
bí ẹni ń tu ẹran tó fòyà lójú.
Nígbà tó di ìdájí, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan,
ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tutọ́ pupa,
ló bá figbe ta, gbogbo ilé jí.
Ìyá àgbà yọjú láti orí àtẹ̀gùn:
"Ṣé ẹ gbọ́?"
Bàbá àgbà ń nu ọwọ́ rẹ̀.

Lónìí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níbẹ̀,
kò lógbe, kò nírù,
ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń gbé e sókè.
Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi Wiebke bi mí
pé ta ló tu ìyẹ́ rẹ̀.
Mo ti pa omi.
Mo ń wá dúrọ́ọ̀ tó máa ń há.