Ẹ Má Yọ Ọ́ Níbẹ̀

Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí oòrùn ti kọ̀ tí kò yọ
ní Skarvika, létí òkun àríwá ilẹ̀ Nọ́wè,
ni Eskil dé, ọ̀dọ́ ẹ̀ńjìnnìà láti Trondheim,
tòun ti àpò dúdú, bàtà tuntun,
àti ìwé àṣẹ tí ọ̀gá kan fọwọ́ sí
lórí ohun tí kò fojú rí rí.

"Ragnfrid," ó ní, "ògbólógbòó náà dà?"
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi, mo nawọ́ sí ọ,
ìwọ tí o kò ju ẹyọ ṣokoléètì kan lọ,
tí o há sínú àpótí irin bí eyín àgbà,
okùn dígí méjì nímú rẹ,
ọ̀kan fún mímí sínú, ọ̀kan fún mímí síta.

Ó rẹ́rìn-ín.
Ó ní fóònù ọmọ òun obìnrin
yára jù ọ́ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún.
Mi ò bá a jiyàn. Òótọ́ ni.
Bí wọ́n bá ní kí o gbé fíìmù kan kọjá àpáta,
kọfí á tutù, ẹni tó ń mu ún á sùn,
o ò ní tíì gbé e débì kankan.

Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o máa wí fún ibùdó iná òkè lọ́hùn-ún,
níbi tí Oddleif ń ṣọ́:
"Mo wà. Ṣé o wà?"
Kí ti ọ̀hún náà dáhùn: "Mo wà. Ṣé o wà?"
Tọ̀sán tòru, ọdún mọ́kàndínlógún,
bí arúgbó tọkọtaya tó ń ta ara wọn jí lóru
láti mọ̀ bóyá èkejì ṣì ń mí.

Ẹ̀ẹ̀kan péré lo sọ ohun mìíràn.
Ìjì oṣù kejì já wáyà ńlá
sórí igi tí wọ́n ń sá ẹja sí.
Gudny wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ó ń wá ajá rẹ̀.
"Gé e," lo wí.
Òkè gé e.
Kí ojú tó ṣẹ́, wáyà ti di okùn lásán.
Gudny ṣì ń ta ẹja gbígbẹ títí dòní.
Kò mọ̀ pé o wà láyé.
Ajá náà wálé fúnra rẹ̀.

Eskil yọ ọ́. Ó ki tuntun bọ̀ ọ́,
olówó ńlá, asáré-bí-ẹ̀fúùfù.
A dúró.
Fìtílà kékeré ẹnu rẹ̀ kò tàn.
Ó tún un kì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i.
Ẹni tó ń sáré tete
kò lè bá ẹni tó ń rìn gbéjẹ́ tàkúrọ̀sọ
àfi kí eré rẹ̀ rọlẹ̀, èyí kò sì mọ bí wọ́n ti ń rọ̀ ọ́.
Tẹlifóònù dún. Oddleif ni:
"Ta ló fọwọ́ dí mi létí?"

Nínú òtútù tó ń gé etí, òógùn bo ọmọkùnrin náà.
Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.
Mo fi aṣọ nu ẹnu rẹ, jẹ́jẹ́,
mo dá ọ padà sáyè rẹ.
Àwọ̀ ewé tàn.
Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, ojú ò rí i;
mo máa ń kìlọ̀ fáwọn ọmọṣẹ́
kí wọ́n má ṣe yọjú wò ó.

Nígbà tó yá ó bi mí, ohùn rẹ̀ ti kéré:
"Ṣé wọ́n ṣì ń ṣe irú èyí?"
Mo ní wọ́n ń ṣe é.
Níbì kan, ẹnìkan jókòó sídìí tábìlì,
ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tí kò yára,
tí yìnyín ò lè pa, tí ooru ò lè yọ́.
Mẹ́ta wà nínú agolo ọkà mi nílé.
Tí mo bá fẹ̀yìn tì ní Àjíǹde, wá kó wọn.

Ó mú gègé, ó kọ ọ́ sára àpótí irin:
Ẹ MÁ YỌ Ọ́ NÍBẸ̀.
Ó fo lẹ́tà kan.
Mi ò tún un ṣe.
Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, ìta ṣú dùdù.