Etí Ọ̀gá Ṣówándé

Ọ̀gá mi kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó mọ àìsàn.
Á ní kí o sítáàtì mọ́tò, á dijú,
á tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan
bí ìyá tó ń tẹ́tí sí ọmọ tí kò tíì mọ̀rọ̀ ọ́ sọ.
"Púlọ́ọ̀gì kẹta ni. Ìdọ̀tí ti bò ó."
Bí o bá tú u, òun náà ni.
Ogójì ọdún ní Lafẹ́nwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin:
bí rélùwéè bá ń kọjá, á dúró kí ariwo lọ tán,
á tún padà síbi tó gbọ́ ọ dé.
Etí yẹn ló fi kọ́lé sí Ìbẹ̀rẹ̀kòdó.
Etí yẹn ló san owó ilé ìwé Bọ́látitó.
Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀,
ariwo lásán ni mò ń gbọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà kan láti Òkè-Ìlẹ́wọ̀
wa mọ́tò oníbátìrì wọlé sí wa.
Ó ní ó máa ń rẹ̀ ẹ́ bó bá ń gun òkè,
bẹ́ẹ̀ ìlú wa yìí, níbo ni kì í ṣe òkè?
Ọ̀gá ní, "Ẹ sítáàtì ẹ̀."
Ó dijú. Ó tẹ ọrùn.
A dúró.
Adìẹ kan gba abẹ́ táyà kọjá.
"Mo ní ẹ sítáàtì ẹ̀ ńkọ́?"
"Bàbá, ó ti ń ṣiṣẹ́ o."
Mi ò rí ojú ọ̀gá mi bẹ́ẹ̀ rí,
bí ẹni tó kí ará ilé rẹ̀ tí onítọ̀hún ò dáhùn.

Bọ́látitó gbé kọ̀ǹpútà dé, ó ki wáyà bọ abẹ́ sítíárìn.
Ó ní yàrá mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà nínú bátìrì náà,
ọ̀kan ló ń tòògbé láàárín wọn,
òun ló ń fa gbogbo wọn sẹ́yìn.
Kò fetí kan nǹkan kan. Ojú ló fi kà á.

Lálẹ́, nídìí ẹ̀bà, ọ̀gá ní,
"Ṣé báyìí ni gbogbo ẹ̀ máa wá dákẹ́?"
Ọmọ rẹ̀ ní òmíràn ṣì ń bọ̀, haidirójìn:
afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń yọ lára omi,
tí wọ́n á wá sun nínú ẹ́ńjìnnì.
"Ṣé ó ní písítìnì?" "Ó ní."
"Púlọ́ọ̀gì ńkọ́?" "Ó ní."
"Ó ń dún?" "Ó ń dún, bàbá."
"Kí ló ń gba sàláńsà jáde?"
"Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí èéfín ìkòkò ìrẹsì."
Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀bà fi há a lọ́fun.
"Odò Ògùn ló máa wá gbé wa lọ Ìbàdàn nìyẹn!
Iná tó ń tọ omi! Èyí ni tèmi."

Bọ́látitó ò rẹ́rìn-ín.
"Iná mànàmáná la ó fi yọ ọ́ lára omi, bàbá.
Iná tí ì bá gbé oníbátìrì dé Ìbàdàn,
bí ẹ bá fi wá haidirójìn, Ìlúgùn ló máa já yín sí."
"Iná wo? Èyí tí wọ́n mú lọ lánàá?"
Òun náà dákẹ́ díẹ̀.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló ń bá wa sọ̀rọ̀.

Bí mo ṣe dùbúlẹ̀, tèmi ni mò ń rò.
Ọdún méjì ló kù kí n gbòmìnira.
Owó gààrí Ọ̀dẹ̀dá ni ìyá mi fi fà mí lé e lọ́wọ́.
Etí tí mo wá kọ́ yìí,
ṣé ọjà tí wọ́n ti ń ná an ṣì máa wà?
Mi ò bá wọn jà sí haidirójìn, mi ò bá wọn jà sí bátìrì:
èyí tó bá lè bà jẹ́ níwájú mi ni mo fẹ́.

Láàárọ̀ kùtù, mo bá ọ̀gá nínú mọ́tò dókítà,
gíláàsì wà lókè, ó fi etí ti dáṣíbọ́ọ̀dù.
Rélùwéè kọjá. Ó dúró dè é.
"Ó ń kùn," ló wí, kò lajú.
"Díẹ̀ báyìí, bí ẹ̀fọn tó wà ní yàrá kejì.
Mi ò tíì mọ ohun tó ń wí."
Ó ní kí n wọlé, kí n pa ilẹ̀kùn dé.