Òwú Dúdú

Ní Ṣómólú, ní ilé ìtẹ̀wé tó kẹ̀yìn sí gọ́tà,
bàbá mi dúró ti àpótí lẹ́tà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Òjé ni lẹ́tà nígbà náà. O lè gbé A lé àtẹ́lẹwọ́
kí o sì mọ ìwọ̀n rẹ̀.
Ìwé mẹ́fà ló kà. Òyìnbó ẹnu rẹ̀ kò tó ra búrẹ́dì,
ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ ọ,
lódìlódì, bí ẹni ń kàwé nínú dígí.
Èmi ọmọ rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.
Ìrù ni òun kọ́kọ́ ń dì mú.

Ó ní ìrù kan wà tí kì í jẹ́ kí òun sinmi:
invitation, dedication, graduation,
káàdì ìkómọ, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú,
ibi gbogbo ló ti ń jù.
Ló bá fa òwú dúdú yọ nínú agolo ìyá mi,
ó so t mọ́ i, ó so o mọ́ n,
ó ní, "Ẹbí kan ni yín. Ẹ má dá rìn mọ́."
Mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú tó jèrè níbẹ̀
ló fi ń mu tíì.

Mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, mo ní kó so o-u-g-h náà.
"Báwo ni wọ́n ṣe ń dún?"
Cough, mo ní: kọ́ọ̀fù.
Ó mi orí.
Though: dóò.
Ó wò mí.
Through, trúù. Plough, pláò. Enough...
"Ó tó!" ló pariwo,
kò mọ̀ pé òun ti túmọ̀ rẹ̀.
"Ojú kan, ohùn márùn-ún!
Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn mi lóru, ta ni kí n ní ó dé?
N kò so wọ́n."
Ó dá wọn padà, kálukú sí yàrá rẹ̀.

Mo mú gègé. Mo kọ igba sẹ́yìn ìwé tó ti bàjẹ́,
láìfi àmì sí i, bí a ṣe ń tẹ Yorùbá níbẹ̀,
torí Ọ̀gá Ṣówándé kò ra àmì ohùn rí.
"Ẹ kà á."
"Igba náírà."
Mo ní rárá.
"Igbá ìyá rẹ? Ìgbà tí mo wà léwe?
Ìgbá inú ọbẹ̀? Igbà adẹ́mu?"
Ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó pé márùn-ún.
"Ṣùgbọ́n tiwa ń dé fìlà kí wọ́n tó jáde," ló wí.
Mo ní, "Ọ̀gá yín ló ṣí i lórí wọn."
Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín,
títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀.

Ikọ́ náà kò lọ. Wọ́n ní eruku òjé ni, wọ́n ní òtútù ni,
ìyá mi ní àìgbọràn ni.
Ní ilé ìwòsàn ní Yábàá, nọ́ọ̀sì kọ ọ̀rọ̀ kan sórí káàdì.
Bàbá mi gbà á, ó dorí rẹ̀ kodò,
ó fi àtàǹpàkò tọ ìrù rẹ̀ lọ.
"O, u, g, h. Èwo nínú wọn nìyí?"
"Èyí tó ń parí sí fù."
"Hùn-ún. Òun ló wá mọlé mi."

Kọ̀ǹpútà ti gba Ṣómólú báyìí.
Àwọn apẹja Makókó ló fi kílò ra òjé wa,
wọ́n yọ́ ọ, wọ́n so ó mọ́ etí àwọ̀n.
Bóyá though ń bẹ nísàlẹ̀ ọ̀sà,
bóyá òun àti through ti di ìwọ̀n kan náà, tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Ohun tí mo jí pamọ́ kò ju ìka kan lọ:
lẹ́tà mẹ́rin, òwú dúdú, kókó bàbá mi.
Mo máa ń gbọ̀n ọ́n létí.
Ó dì, kò ró.