Ìbéèrè Ṣẹ̀gilọlá

Mo gun kẹ̀kẹ́ láti Jíbíyà, etí ààlà, wálé.
Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Táyà mẹ́fà. Ṣéènì méjì.
Àpò gàárì kan tí ìyàwó mi dì fún mi,
gàárì Ìjẹ̀bú, èyí tó kan dé gbòǹgbò eyín.
Mo rẹ ẹ́ mu ní Funtúà, omi lọ́wọ́ọ́rọ́.
Mo rẹ ẹ́ mu ní Kòntàgórà lábẹ́ igi mángòrò,
àwọn ọmọdé yí mi ká, wọ́n ń wo bó ṣe ń wú.
Lórí afárá Jẹ́bà, afẹ́fẹ́ fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi,
mo sọ̀ kalẹ̀, mo fà á bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ dé ọjà.

Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà níbẹ̀. Òpin ọ̀nà ni mo fẹ́ sọ.

Láti Ìdí-Ayunrẹ́ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá bá ìlú sọ,
mo ń tún un sọ fún igi kòkó,
títí dé Mámù, títí dé Awà.
Ní Orù, òjò dé, òjò oṣù Agẹmọ tí kì í kan ilẹ̀kùn.
Ó fọ ọ̀rọ̀ náà dànù lẹ́nu mi.
Mo wọ Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú bíréèkì tó ń ké bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀,
ẹrẹ̀ pupa títí dé irùngbọ̀n.

Wọ́n ti ta aṣọ funfun sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé l'Ókè-Àgbò.
Odùfẹ̀jọ ni wọ́n kọ sí i.
Ọ̀dà ti ṣàn. Odù nìkan ló kù.
Ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀.
Ẹsẹ̀ mi kò tíì gbọ́ pé a ti dé:
mo dúró sójú kan, orúnkún ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀,
bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò sí níbẹ̀.

Kìlómítà kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀.
Ẹlòmíì jẹ́jẹ̀ẹ́ márùn-ún náírà, ẹlòmíì ogún.
Alàgbà Odùmúyìwá, tó jẹ́jẹ̀ẹ́ igba,
tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó wọ awò ojú:
"Láti Mọ́kwà sí Jẹ́bà, ṣé o ò gba àbùjá?"
Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó san án pé,
ó sì gba rìsíìtì.

Kẹ̀kẹ́ mọ́kànlá ni gbogbo ẹ̀ máa rà.
Ogún la nílò.

Ọ̀kan ti ṣáájú dé, Ṣẹ̀gilọlá ló wà nínú rẹ̀,
ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pọ̀n lọ síléèwé tẹ́lẹ̀.
Ẹnìkan pè é ní kẹ̀kẹ́ arọ.
"Kẹ̀kẹ́ mi ni," ó ní, ó sì yí i gorí bàtà onítọ̀hún.

Wọ́n ti bi mí: ọ̀nà ńkọ́? Ọ̀nà dára.
Ẹ̀rù ò bà ọ́? Ó bà mí.
Ó wo ojú mi. Ó wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi, awọ rẹ̀ tó ti fàya.
"Ìdí ńkọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Olùkọ́ rẹ̀ ṣẹ́jú sí i.
Ẹni tó ń jókòó láti òwúrọ̀ dalẹ́
mọ ohun tó ń bèèrè.
Mo bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀: "Ó ti bó. Láti Tẹ̀gínà."
Ó mi orí.
"Òrí ni kẹ́ ẹ fi pa á. Ẹ má sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣáá.
Tó bá dọjọ́ kẹta, kì í ta mọ́. Yíyún ló kù."

Lálẹ́, gàárì tó kù nísàlẹ̀ àpò kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.
Ìyàwó mi ní kí n dà á nù, tuntun wà nílé.
Mo rẹ ẹ́. Iyanrìn wà nínú rẹ̀, n kò mọ ti ìlú wo.
Mo mu ún tán.
Ẹsẹ̀ mi ṣì ń gun òkè kan lábẹ́ aṣọ ìbora.
Mo pa òrí.
Nígbà tó yá, mo yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì,
bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe.